Kí N Tó Gba Tíkẹ́ẹ̀tì Gíríìsì

Ẹ kú ilé o, Màámi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ń ro mí, àga ilé ìdáná ni mo sì jókòó lé ní Peckham, ní London níbí, tí òjò ń rọ̀ sára fèrèsé. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Lámídì, tí ẹ jọ ń gbé. Mo kí ìyàwó wọn tó ń bá wa tọ́jú yín. Mo kí gbogbo ará ilé ní Ìwó, tọmọdé tàgbà.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Bọ̀ọ̀dá ni wọ́n máa ń ka lẹ́tà mi sí yín létí, mo sì mọ̀ pé wọ́n máa ń fo ibi tí kò bá wù wọ́n. Eléyìí, gbogbo ayé ló máa rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ yín ní Ìwó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó kà á sí yín létí láìfo ọ̀rọ̀ kan.

Rùkáyátù ọmọ mi ló fẹ́ mú mi lọ sí Gíríìsì. Ọjọ́ márùn-ún péré ni. Ẹ mọ̀ pé ìlú yìí la bí i sí. Ó ti wà nílé ìwé gíga báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Surrey Quays ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí Bàbá wa ní Ìwó ti kú, òun ò tíì rí i kí n rẹ́rìn-ín tó dénú. Ó ní oòrùn ni mo nílò. Mo ní ó dáa. Ká ní ó ní ká lọ sórí òṣùpá ni, mi ò bá ṣáà ní ó dáa.

Gíríìsì yìí, etí òkun ló wà, erékùṣù ibẹ̀ ò lóǹkà. Àwókù ilé àwọn ará ìgbàanì pọ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ṣé ilé tó wó ò sí ní Ìwó ni, tí èèyàn á fi wọ bàálù lọ wo tẹlòmíì.

Rùkáyátù kọ ètò ìrìn àjò náà sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, a máa wà ní Áténì, ìlú ńlá wọn, a máa gun òkè lọ wo àwókù náà. Lẹ́yìn náà, a máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù kékeré kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ funfun. Ibi erékùṣù yìí la ti jà. Mo bi í pé ṣé pápákọ̀ òfurufú wà níbẹ̀. Ó ní kò sí, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni, àti pé tí atẹ́gùn bá le, ọkọ̀ náà ò ní gbéra. Mo ní mi ò lọ síbi tí mi ò ní lè tètè jáde. Ó bi mí pé ta ló ń lé mi. Mo ní kó wá erékùṣù tí mo ti lè dé London lọ́jọ́ kan náà, kí n sì dé Èkó lọ́jọ́ kejì. Ó ní ìsinmi la fẹ́ lọ o, pé ṣé mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ ṣá.

Nígbà tó yá, a fẹnu kò sí Kírítì, èyí tó tóbi, tí bàálù ń bà sí. Àwókù ààfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò burú. Ó fi báírò fa igi lé erékùṣù funfun náà lórí. Ó dùn ún, torí pé láti ilé ìwé girama ló ti ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan lára. Mo wẹ abọ́.

Rùkáyátù ò mọ ìdí tí mo fi ń béèrè bàálù. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Bàbá kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé mi ò tíì jáde, mi ò lè kúrò nílùú yìí. Mo pè, Bọ̀ọ̀dá ní Bàbá ń sùn. Mo tún pè, wọ́n ní Bàbá ti lọ sí mọ́sálásí. Mo tún pè, wọ́n ní ikọ́ ti gba ohùn Bàbá, pé kí n jẹ́ kí wọ́n sinmi. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ariwo èrò àti àga onírin tí wọ́n ń tò lẹ́yìn Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní ìkómọ ni wọ́n ń ṣe nílé kejì. Mo béèrè orúkọ ọmọ. Wọ́n ní Nàfísátù. Màámi, mo ṣàdúà fún ọmọ yẹn gan-an. Mo ní kí Ọlọ́run wò ó, kó ṣe é ní ọmọ tó máa sin òbí rẹ̀.

Àdúà ọjọ́ kẹjọ Bàbá ni wọ́n ń ṣe.

Ibi àsàlátù wa ní Peckham ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan rí mi tó ní ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kò mọ̀ pé mi ò tíì mọ̀. Gbogbo àwọn tó kù ló mọ̀, torí pé kíá ni wọ́n ti dì mọ́ mi. Fíláàsì tíì wà lọ́wọ́ mi. Mo bu tíì fún gbogbo wọn tán, mo fọ ife, mo lọ sílé.

Nígbà tí mo pè yín lọ́jọ́ náà, ẹ sunkún, ẹ ní nítorí kí n má bàa ṣe ara mi léṣe ni, pé àjò ni mo wà, mi ò lẹ́ni tó máa gbá mi mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi náà wà nílé nígbà tí a fi ikú ẹ̀gbọ́n Bàbá pamọ́ fún ọmọ wọn tó wà ní Kánò. Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti lọ sóko. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó délé, kò bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ń sọ pé aláìmoore ni.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ara mi ti dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Mò ń lọ, mò ń bọ̀. Mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn ní Camberwell, mò ń wẹ àwọn aláìsàn, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Tí ẹnì kan bá kú níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń pe àwọn èèyàn rẹ̀. Mo ti dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń pè, mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké ní òdìkejì. Ó burú láti gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọjọ́ tó jẹ́.

Páspọ́ọ̀tù mi ti jáde láti ọdún tó kọjá. Ẹ bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀, mo ní iṣẹ́ ò jẹ́. Irọ́ ni. Inú ló ń bí mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ẹ foríjì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra fìlà oòrùn ní ọjà East Street. Nígbà tí mo padà dé, Rùkáyátù fi àwòrán ibi ìsìnkú àtijọ́ kan ní Áténì hàn mí. Wọ́n gbẹ́ àwòrán òkú sára òkúta. Òkú náà jókòó, àwọn èèyàn rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Rùkáyátù ní ìdágbére ni. A kì í ya àwòrán sórí sàárè nínú ẹ̀sìn wa, mo mọ̀. Síbẹ̀, mo ní kó kọ ibẹ̀ sí òkè pátápátá. Ibẹ̀ nìkan ni mo fi ẹnu ara mi yàn nínú gbogbo ètò náà.

Màámi, ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mi ò tíì gbọ́ ohùn yín. Mo pè, Bọ̀ọ̀dá ní ẹ ń sùn. Mo tún pè, wọ́n ní ẹ wà nílé ìwẹ̀. Mo ní kí wọ́n tan fídíò kí n rí yín, wọ́n ní ojú fóònù ti fọ́. Mo pe ìyàwó wọn, òun náà ní ẹ ń sùn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Bóyá ekòló ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, mo gbọ́ ìró àga onírin lẹ́yìn Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní ìkómọ ni wọ́n ń ṣe nílé kejì. Mo béèrè orúkọ ọmọ. Wọ́n ní fóònù ò dún dáadáa.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Rùkáyátù fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá gbọ́ ohùn yín kó tó di ìgbà náà, màá bá a lọ, màá sì ra nǹkan bọ̀ fún yín. Tí mi ò bá gbọ́ ọ, Ìwó ni mò ń bọ̀. Bọ̀ọ̀dá, mi ò bínú sí yín mọ́. Ẹ kàn sọ ọjọ́ tó jẹ́ fún mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Kí Ọlọ́run fi alùjánnà kẹ́ Bàbá, kó dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, kó má jẹ́ ká fi ojú sunkún ara wa. Màámi, tó bá jẹ́ pé oorun ni lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù.