Orúkọ Tí Mo Pè Lẹ́bàá Kòtò

Àtìní, 5/8/2024

Òjò láti àárọ̀. Ọkọ Àgbà, ọkọ mi gan-an, pè láti Parakú: àlùbọ́sà ò tíì kún ọkọ̀, wọn ò ní lè wálé kí oṣù tó parí. Wọ́n ní Màmá Kìṣí ń bọ̀ lọ́jọ́ Àláádì. Màmá Kìṣí ló bí ìyàwó wọn àkọ́kọ́ tó kú, ìyá àwọn ọmọ. Wọ́n fẹ́ bi àwọn ọmọ léèrè bóyá wọ́n á bá àwọn lọ sí Kìṣí, kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ wí? Wọ́n ní ibi tí ọkàn àwọn ọmọ bá fà sí ni. Ọkùnrin nìyẹn.

Bí wọ́n bá lọ, ó ku èmi àti ewúrẹ́ nínú ilé yìí.

Àtàláátà, 6/8

Mo se ẹ̀wà. Eyínfúnjowó jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́, ó ní "ẹ ṣé mà", ó wọlé. Ọdún méjì rèé tí mo ti wọ ilé yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kò rí mi fín rárá, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Èèyàn lè bá aláfojúdi jà, ta ló máa bá ẹni tó ń kí i dáadáa jà? Àbúrò ẹ̀, Ọkọ Kékeré, ọmọ ọdún méje, ìyẹn máa ń bá mi ṣeré. Àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá ti wò ó lójú, á panu mọ́.

Mo rí i pé inú ìwé yìí náà, orúkọ àdàpè ni mo ń kọ. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ní Adó-Àwáyè nìyẹn: ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ ẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Mo wá fún wọn ní orúkọ tèmi. Eyín ọmọbìnrin yẹn funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í sábà rí i. Àwọn náà, "Ìyàwó" ni wọ́n ń pè mí. Gbogbo agboolé, "Ìyàwó". N ò tíì bímọ, kò sí orúkọ ọmọ tí wọ́n máa fi pè mí.

Àlàmísì, 8/8

Mo ro nǹkan kan. Bàbá mi wa òkúta dídán tà nígbà ayé wọn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣà á. Bí òjò ńlá bá fọ erùpẹ̀ tí àwọn awakùsà dà sílẹ̀, àwọn kéékèèké tí wọn ò rí á yọjú. Lọ́jọ́ Sátidé màá kó àwọn ọmọ lọ síbi kòtò àtijọ́ ẹ̀yìn òkè. Tí Màmá Kìṣí bá dé, kí wọ́n ní ohun kan lọ́kàn tó jẹ mọ́ tèmi.

Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni. N ò jiyàn.

Jímọ̀, 9/8

Òjò tún rọ̀. Alihamudulilai.

Sátidé, 10/8

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

A jáde láàárọ̀, àgbàdo sísè àti wàrà nínú ike. Ọkà bàbà ti ga ju Ọkọ Kékeré lọ, ẹrẹ̀ gba bàtà ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní ṣé góòlù la ń lọ kó. Mo ní rárá. Ó ní ṣé a máa lówó. Mo ní bí a bá rí èyí tó ra bàtà míì, ká dúpẹ́.

Mo kọ́ wọn: kọjú sí oòrùn, má fi oòrùn sẹ́yìn. Tẹ̀ ba, rọra máa rìn. Ohun tó bá kọ mànà, mú un, fi ahọ́n lá a, kí erùpẹ̀ kúrò kí o lè rí àwọ̀ ẹ̀. Eyínfúnjowó ní ìdọ̀tí nìyẹn. Mo lá tèmi. Ọkọ Kékeré ń lá gbogbo nǹkan, títí kan ìkarahun ìgbín. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí.

Eyínfúnjowó lọ dá dúró nídìí òkìtì erùpẹ̀ míì. Mo ṣe bí ẹni tí ò wò ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó lá a. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi, ó la àtẹ́lẹwọ́: òkúta kan tó mọ́ bí omi yìnyín, nǹkan kan bí òwú aláwọ̀ ewé nínú ẹ̀. Ó ní, ṣé òun nìyí? Mo ní òun ni. Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín. Mo rí eyín.

A jókòó jẹ àgbàdo. Orúnkún ẹ̀ kan tèmi, kò gbé e kúrò. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tí mo ń di ike, Ọkọ Kékeré ti sáré lọ síwájú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e. Koríko ti bo ẹnu kòtò kan níbẹ̀, òjò sì ti jẹ etí ẹ̀. Mo pariwo: Ọkọ Kékeré, padà! Orúkọ eré ni, ó rò pé eré ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sáré. Mo tún pè é, ó fi kún eré ẹ̀. Ó já bọ́ lẹ́nu mi:

"Samsudeen!"

Ó dúró gan-an bí ẹni tí wọ́n dì mú. Ilẹ̀ iwájú ẹ̀ wó. A gbọ́ nígbà tó bọ́ sínú omi nísàlẹ̀.

Mo pọ̀n ọ́n délé, bó ṣe tóbi tó. Eyínfúnjowó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ó dúró, ó tẹjú mọ́ mi, àfi bíi pé ó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ó wọlé.

Àláádì, 11/8

Màmá Kìṣí dé, tàwọn ti iṣu. Ìyá Jímọ̀, àgbà ìyàwó ilé, jókòó tì wọ́n. Màmá Kìṣí bi àwọn ọmọ: ẹ óò bá wa lọ, àbí ẹ óò dúró? Ọkọ Kékeré wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní:

"Ìyàwó pe àbúrò mi lórúkọ."

Kò fi nǹkan kan kún un. Ìyá Jímọ̀ gbé ọwọ́ lérí. Màmá Kìṣí ò pariwo, ìbá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Èmi àti ọmọ mi tó kú la jọ yan orúkọ yẹn." Wọ́n ní, "Ọdún méjì péré, o ti gbà á lẹ́nu ẹ̀."

Mo ní ọmọ fẹ́ já sí kòtò ni. Wọ́n ní, kòtò wo?

Ohun tí mo fẹ́ fi gba ara mi sílẹ̀ ló dè mí.

Kí wọ́n tó kírun Àsárì, wọ́n ti di ẹrù. Ọkọ Kékeré sunkún. Eyínfúnjowó di ẹrù tiẹ̀ fúnra ẹ̀.

Àtìní, 12/8

Mo se oúnjẹ ẹni mẹ́ta.

Àlàrùbá, 14/8

Ọkọ Àgbà pè. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, pé láyé ìsinsìnyí ta ló tún ń ka orúkọ pípè sí. Mo ní kí wọ́n lọ wí bẹ́ẹ̀ fún àna wọn. Wọ́n wúkọ́.

Kì í ṣe Màmá Kìṣí ló ń dùn mí. Ọmọ yẹn ni. Ó lè kọ́kọ́ sọ ti kòtò. Ó lè sọ pé àbúrò òun ì bá ti kú. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan ṣoṣo tó máa lé mi jìnnà ló mú. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?

Jímọ̀, 16/8

Mo bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Ó dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ mi ti burú.

Àtàláátà, 20/8

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá wọn. Nígbà tó yá mo tún ṣí i. Wọn ò kú, kí ló dé tí màá ti ilẹ̀kùn. Ìyá Jímọ̀ kọjá, kò kí mi.

Mo ń ṣàárò wọn. Àwọn méjèèjì.

Àlàmísì, 29/8

Ìpè wọlé lọ́sàn-án, nọ́ńbà tí n ò mọ̀. Eyínfúnjowó ni. Ó ní fóònù ìyá kan ládùúgbò ni, òun ò ní pẹ́. Ó kí mi. Mo ní àbúrò ẹ ńkọ́? Ó ní ó wà lóko pẹ̀lú Màmá Kìṣí.

Ó ń ṣe mí bíi kí n bi í pé kí ló dé tó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Samsudeen nìkan lẹ pè."

N ò lóye. Ó ní lẹ́bàá kòtò yẹn, òun náà wà níbẹ̀, òun náà ń sáré. Ó ní nígbà tí mo pe àbúrò òun, òun dúró, òun ń retí pé màá pe tòun. Òun retí títí a fi délé. Ó ní lẹ́nu ọ̀nà, òun tún dúró.

Ohùn ẹ̀ ti ń yí padà. "Àbí ẹ ò mọ orúkọ mi ni?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí odó. Mo ro ti ìyá mi. Mo ro ti Ìyá Jímọ̀, tó wà lẹ́yìn ògiri, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ. Mo ro ti Màmá Kìṣí.

Mo pè é. Misturat.

Ó ní kí n tún un pè.