Ọkọ̀ Tí Mo Fi Gba Òjò ní Agége

Ẹ̀yìn Rélùwéè,
Agége, Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá.

Ìlérí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ, báwo sì ni àwọn ọmọ tí ò ń kọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ níbi tí ara rẹ ti le, tí ẹsẹ̀ rẹ sì gbẹ. Èmi náà wà. Mo ń jẹ, mo ń sùn, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà. N kò pè ọ́ torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé yín kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì kó tó gé e, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń gé sí méjì. Akeem ni orúkọ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi ni, ní Bàrígà. Ohun tó fi mọ́tò rẹ̀ fà wá sí Igbókọ̀dá, ọkọ̀ omi bàbá rẹ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ lọ sí ilé ìwé orí omi yẹn lo ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́, nítorí bàbá rẹ ti fún ọ kó tó kú, àti pé ọkọ̀ èrò ibẹ̀ máa ń kún jù. Mo sọ fún ọ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣe ségesège. Irọ́ ni. Mo ní mi ò tíì rí ẹni tó máa fà á. Irọ́ ni ìyẹn náà, nọ́ńbà Akeem wà lára ẹ́ńjìnnì níbi tí bàbá rẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí o bá wálé, ọkọ̀ yẹn lo kọ́kọ́ máa ń lọ wò. Wàá fọ̀ ọ́, wàá nu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, wàá sùn mọ́jú. Mo wá ṣírò rẹ̀: bí ọkọ̀ bá kúrò ní àgbàlá mi, kí ni yóò tún máa mú ọ wá sí Agége? Ojú ìyá rẹ nìkan? Mo mọ àwọn ìyá tó gbára lé ìyẹn ládùúgbò yìí. Mo sì mọ iye ìgbà tí ọmọ wọn ń yọjú lọ́dún.

Ilé yìí fẹ̀ jù láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Mo ṣì ń se ìrẹsì ẹni méjì, mo ń fi ọjọ́ méjì jẹ ẹ́. Ariwo ilé búrẹ́dì ẹ̀yìnkùlé ló ń jí mi, rédíò sì ni mo ń dá lóhùn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, omi ẹ̀rọ ò yọ, àwọn mẹ́ruwà sì sọ kẹ́ẹ̀gì omi kan di ọjà wúrà. Mo wo ọkọ̀ náà lórí kẹ̀kẹ́ irin táyà méjì tí bàbá rẹ jó irin rẹ̀ pọ̀ fún un. O mọ ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ìdí ọkọ̀. Bàbá rẹ máa ń yọ rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti wà lórí ilẹ̀, kí omi òjò lè máa jáde. Èmi ọmọ Èkìtì, ọlọ́gbọ́n àgbà, mo gbé rọ́bà, mo fi dí i. Mo ní, kí ni omi Ọlọ́run ń ṣòfò fún? Òjò mélòó kan péré, ọkọ̀ ti kún dé etí.

Aisha, ìyàwó kékeré ilé kejì, ló kọ́kọ́ wá. Ó ní, “Ah, Màmá, ẹ̀yin lẹ wá ní ọ̀sà báyìí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bù.” Mo ní kó bù. Lọ́jọ́ kejì ó mú ẹlòmíì dání. Kó tó pẹ́, àràárọ̀ ni obìnrin mẹ́fà, méje ń yí ọkọ̀ náà ká pẹ̀lú korobá, wọ́n ń rojọ́ ọkọ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ ti jẹun?” “Màmá, orúnkún ńkọ́?” N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. O mọ̀ mí, Ìlérí. Ìgbà wo ni mo fi ohun tó ṣeé tà tọrẹ rí? Mo ń gbọ́ bí irin ìsàlẹ̀ ṣe ń han, mo ń rí bí táyà ṣe ń rì. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo tilẹ̀ sọ lọ́kàn mi pé bó bá bàjẹ́ díẹ̀, mo ti rí àwáwí gidi nìyẹn.

Nípárí oṣù Kẹjọ ni Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, tí ẹ jọ ń kọ́ni, wá ṣe ìwé ní Aláúsá, ó sì yà kí mi. Ó rò pé mo ti gbọ́. Ó ní, “Màmá, ẹ bá wa dúpẹ́ o, Ọlọ́run ló yọ Ìlérí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dojú dé.” Ó ní èèyàn mọ́kàndínlógún ló wà nínú ọkọ̀ ẹni mẹ́wàá, pé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lo dì mú nínú omi títí apẹja kan fi fà ọ́ yọ. O kò sọ fún mi. Mo rọra sìn ín dé ibi tó ti máa wọkọ̀, mo padà wálé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ mi ń há mọ́ ọkọ̀ àkúnfàya, ọkọ̀ tirẹ̀ wà lágbàlá mi, mo fi ń gba òjò.

Lọ́jọ́ kejì mo yọ rọ́bà. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin tí omi yẹn fi ń ṣàn. Aisha dúró tòun ti korobá, ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní ọmọ mi fẹ́ lò ó. Ó gbé korobá rẹ̀, ó lọ.

Mo pe Akeem, ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ kẹ̀kẹ́ irin náà, ó sì súfèé. “Ìyá Ìlérí, ta ló da omi sínú eléyìí? Tọ́ọ̀nù méjì lẹ gbé lé e lórí o.” Mo ní òjò ni. Ó ní, “Òjò náà ló fi rọ́bà dí ihò?” Ọ̀pá irin tó so táyà méjèèjì ti tẹ̀ bí ọrun, bẹ́rìnì tí táyà fi ń yí sì ti dípẹtà. Ó ní bí a bá fà á bẹ́ẹ̀ jáde, táyà á yọ lójú títì, ọkọ̀ á sì lọ bá ọmọ ọlọ́mọ nínú bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lọ́dọ̀ oníwẹ́dà lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ Ọba Akran. Má bi mí ní iye. Fíríìsà mi ti wà nílé ẹlòmíì.

Nígbà tó parí, mo ní n ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fúnra mi. Akeem rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ̀yin? Orí òkè ni wọ́n bí yín sí, Màmá. Omi kì í ṣe òkè o.” Mo ní, “Ọmọ mi ló máa wọ̀ ọ́. Bó bá máa rì, kó rì lábẹ́ mi.” Kò rẹ́rìn-ín mọ́. A fà á lọ sétí ọ̀sà ní Bàrígà. Mo fẹ́ kó tì í sómi kíá, ó ní kí n ní sùúrù kí táyà tutù, torí pé bẹ́rìnì gbígbóná a máa fa omi mu. Ó fi rọ́bà dí ihò. Ó ní ojú ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ rí rọ́bà yẹn kí ọkọ̀ tó kan omi. Ó fi ẹ̀wù aléfòó wọ̀ mí, ó fún un mọ́ mi láyà bí ìgbà tí wọ́n ń di ẹrù. Lẹ́yìn náà ló so okùn pupa kan láti ara ẹ́ńjìnnì mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Bí awakọ̀ bá ṣubú sómi, okùn á yọ, ẹ́ńjìnnì á kú, abẹ̀bẹ̀ irin rẹ̀ kò sì ní yí padà wá bá a. Ìlérí, mo bẹ̀ ọ́, máa so ó, ì báà jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú méjì.

Mo wà á. Àní mo wà á! Ẹ̀rù bà mí títí a fi jìnnà sétí omi, lẹ́yìn náà ẹ̀rù ò bà mí mọ́, mo fún un níná. Akeem ní ibẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí n ti bẹ̀rù. Ó kọ́ mi nípa epo pẹ̀lú: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a kò mọ̀. Ìwọ tí o máa ń ṣọ́wó epo ná, ara mi lo ti kọ́ ọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n má torí owó yọ ìdá kẹta yẹn sílẹ̀. Ẹni mẹ́rin ni ọkọ̀ náà ń gbé. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ní òun ni ẹnì karùn-ún, kó dúró de ìrìn kejì.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Akeem ń fi bẹ́líìtì so ọkọ̀ náà mọ́ kẹ̀kẹ́ irin níta, ó ń pariwo pé ọjọ́ ń lọ. Àwọn obìnrin ò wá mọ́ láti ìgbà tí omi ti tán, mi ò sì bínú sí wọn. N kò ní ohun tí n ó fi dá ọ dúró mọ́, ọmọ mi. Bí mo bá tún di ọkọ̀ yìí mú, ẹ̀mí rẹ ni mo ń fi ta tẹ́tẹ́. Dárí jì mí fún oṣù wọ̀nyẹn. Máa sọ fún ẹnì kan bí o bá ń lọ àti ìgbà tó yẹ kí o dé, kó lè wá ọ.

Omi kò ní gbé ọ lọ. Ìjì kò ní bá ọ lójú agbami. Orí bàbá rẹ, ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n wẹ̀ lómi kó tó mọ ìrìn, á máa ṣáájú rẹ lọ, á sì máa tọ̀ ọ́ bọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń rántí rẹ lójoojúmọ́,
Ọmọ́bọ́láńlé.

Mo gbàgbé: ẹ̀wù aléfòó méjì ló wà lábẹ́ ìjókòó. Èyí tó tóbi ni tìrẹ. Èyí tó kéré, má fi yá ẹnikẹ́ni, má sì gé okùn rẹ̀. Ara mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó sanwó. Bí ẹ bá ti gba ìsinmi Kérésì, wá dúró dè mí ní Igbókọ̀dá, kí epo sì jẹ́ ìdá mẹ́ta.