Wọ́n Fún Lánlédì Lọ́mọ

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Bélú, 2019. Ìlaró.

Ìwé náà dé lónìí. Àwòrán mi ló wà lójú èèpo rẹ̀: gèlè pupa, ojú líle, ọwọ́ ní ìbàdí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe Lánlédì nínú eré tẹlifíṣọ̀n wa, obìnrin onílé tí kò bímọ, tí kì í ṣàánú ayálégbé. Ní báyìí, wọ́n ti sọ ọ́ di ìtàn inú ìwé. Mo gbé e lọ́wọ́, mo gbóòórùn rẹ̀. Inú mi dùn díẹ̀. Ó tún ṣe mí bí ẹni tí wọ́n wọ aṣọ rẹ̀ lọ sóde láìbéèrè.

Báyọ̀ pè. Òun ló ń ṣe ayálégbé tí mo máa ń lé jáde. Ó ti kà á tán, inú sì ń bí i. Wọ́n sọ ọ́ di olè nínú ìwé. "Màmá, ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n fi bà á jẹ́." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwé lásán ni. N kò tíì ṣí tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Bélú

Mo ti dé orí keje. Ọlọ́run ò.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Bélú

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ọkàn mi á balẹ̀.

Ní orí keje, Lánlédì ní ọmọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó bí i, ní Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lódì kejì ibodè, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́jọ, ó gbé e fún ìyá bàbá ọmọ, ó ní òun ń lọ ra òwú. Kò padà.

Òwú. Ó kọ òwú pàápàá.

Kò sẹ́ni tó jí ìtàn náà. Èmi ni mo sọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, ní Ayétòrò, jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́, a sì jókòó à ń dúró. Ayọ̀dàmọ́lá, tó ń kọ ìwé náà, wá bá mi pẹ̀lú bírò. Ó ní, "Màmá, tí Lánlédì bá dúró lójú fèrèsé báyẹn, kí ló máa ń rò?" Wọn kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ nínú eré, ojú mi nìkan ni wọ́n máa ń yà. N kò mọ ohun tó bà lé mi. Mo ní, "Ó ní ọmọ kan." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀. "Ó", "ó", "ó" ni mo ń wí, n kò pe "mo" lẹ́ẹ̀kan. Ọmọdékùnrin yẹn rò pé mo ń hun ìtàn fún òun ni. Ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ó tún dúpẹ́ níwájú ìwé: fún Màmá, tó fún Lánlédì ní ọkàn.

Mo sọ orúkọ ọmọ náà fún un pẹ̀lú. Málọmọ́. Ó fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Bélú

Tísà ti gba ìwé náà. Ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ni ní Póòlì kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó ń fi pẹ́nsùlù fàlà sábẹ́ gbogbo àmì ohùn tí wọ́n fi síbi tí kò yẹ. Ó ti dé orí kẹta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Bélú

Orí karùn-ún.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Bélú

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Tísà lọ, ó dé, ó jẹun, ó gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń kàwé. Mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ láti ilé ìdáná.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ó pè mí. Kò fàlà kankan sójú ewé yẹn. Ó ní, "Àṣìkẹ́, ibo ni ọmọ yìí ti rí orúkọ Málọmọ́?"

Mo ní àwọn tó ń kọ̀wé a máa hun orúkọ.

Ó ní, "Orúkọ tí màmá rẹ ń pè nígbà àìsàn wọn nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. O ní ọmọ aládùúgbò ni."

Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣeré yìí, n kò rí ojú kan gbé wọ̀. Mo ní, "Ọmọ tí mo bí ni."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó rọra pa ìwé dé. Ó wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Bélú

Yàtọ̀ sí "o ṣeun" lẹ́yìn oúnjẹ, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Bélú

Orí tó kẹ́yìn ni n kò lè fara mọ́. Lánlédì wọkọ̀ lọ sí Kétu, ó kúnlẹ̀ lójúde, ọmọ gbé e dìde, wọ́n dì mọ́ra, gbogbo àdúgbò ń sunkún. Ojú ewé mẹ́ta péré. Èyí kò ti ẹnu mi jáde, Ayọ̀dàmọ́lá ló fi kún un. Obìnrin tí mo ń fi ara mi ṣe ti lọ síbi tí èmi kò lọ láti nǹkan bí ogójì ọdún. Mò ń jowú rẹ̀ bí ẹni ń jowú orogún.

Lọ́dọọdún ni mò ń sọ pé ó di àmọ́dún. Aṣọ ni mo ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà, láti ọwọ́ Àṣíáwù, ọmọ àbúrò màmá mi tó ń gbé Ìmẹ̀kọ. Nígbà tí wọ́n ti ibodè ní oṣù Ògún (kí n má parọ́ níbí), ara tù mí. Mo rí ohun tí mo lè di ẹ̀bi náà rù.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Bélú

Àṣíáwù pè. Ìwé náà ti dé Kétu. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e gba ọ̀nà oko kọjá, lórí ọ̀kadà, ó sì kà á sókè fún Málọmọ́, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ ìyẹn nílé ìwé.

Mo ní, "Ta ló rán ẹ?"

Ó ní, "Málọmọ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí n wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ó pẹ́ tó ti ń wò yín lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n sọ fún un lọ́jà pé orúkọ òun wà nínú ìwé."

Mo béèrè ohun tó sọ. Àṣíáwù ní nígbà tí òun kà á tán, Málọmọ́ béèrè pé, "Ìgbà wo ló wá?" Òun ní inú ìwé ni. Málọmọ́ ní, "Mo mọ̀ pé inú ìwé ni. Ọjọ́ tó wá ni mò ń béèrè, torí n kò kúrò nílé."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Bélú

Mo sọ fún Tísà. Ó ní, "Kí lo wá ń dúró dè?" Ó ní kí n má rò pé òun ti dárí jì mí, irọ́ ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi ọ̀sẹ̀ kan gbé mì. Ṣùgbọ́n òun kò lè máa bá ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò dìde gbélé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Bélú. Ìmẹ̀kọ.

Ọkọ̀ dé Ayétòrò, ọ̀kadà láti ibẹ̀. Epo ti wọ́n. Níbi àyẹ̀wò kan, ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba dá mi mọ̀. "Lánlédì! Màmá, ẹ bá wa sọ ọ́!" Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń lé ayálégbé ló fẹ́ gbọ́: "Ẹ kó jáde!" Kò jáde lẹ́nu mi. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Málọmọ́ ní òun ń bọ̀ lọ́la.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Bélú. Ìmẹ̀kọ.

Ó dé láàárọ̀, erùpẹ̀ pupa bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó ga. Iwájú orí màmá mi ló wà lórí rẹ̀. Ọmọ tí mo bí, n kò mọ̀ bóyá ó ń jẹ ata.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó di apá mi mú. "Ẹ má ṣe é, Màdáámù. Mo ti gbọ́ ìyẹn. Ẹ jókòó, kí ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an."

Mo sọ ọ́. "Mo" ni mo ń pè lọ́tẹ̀ yìí. Nínú ìwé, ebi ló lé obìnrin yẹn lọ. Ebi kò pa mí. Ìyá bàbá rẹ̀ kò lé mi. Àwọn eléré kan wá ṣeré ní Kétu, mo tẹ̀ lé wọn. Eré wù mí ju kí n gbé ọmọ pọ̀n lọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ti ń lọ.

Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ kò parọ́ fún mi." Kò sunkún. Kò pè mí ní Màmá. Ó jẹ iṣu tí Àṣíáwù sè, ó fọ àwo rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ní, àkọ́bí ń sín mi jẹ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ti gun ọ̀kadà kó tó sọ pé, "N kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ kí ẹ wá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má dúró títí wọ́n á fi ṣí ibodè. Èmi ò dúró."

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Bélú. Ìlaró.

Ọ̀la ni mò ń lọ sí Kétu. Tísà kò bá mi lọ. Ó ra bàtà rọ́bà nítorí ọ̀nà oko, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Ayọ̀dàmọ́lá pè ní ọ̀sán. Àwọn èèyàn ń ra ìwé náà, wọ́n sì fẹ́ apá kejì. Ó fẹ́ wá jókòó tì mí, kí n sọ ohun tó tẹ̀ lé e fún Lánlédì àti ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kún fún ọ̀wọ̀. N kò lè bínú sí i. Mo ní kó kọ ohunkóhun tó bá wù ú nípa Lánlédì, mo ti yọ̀ǹda rẹ̀. Kó ṣáà yọ Málọmọ́ kúrò níbẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé, Màmá? Orúkọ yẹn dùn mọ́ àwọn èèyàn."

Mo ní, "Ó lẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ."