Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Ardwick, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sátidé, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá

Mo ti di ìyàwó Dàpọ̀! Ẹnu mi ò dé mọ́!

Màmá ọkọ mi bu omi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì wa. "Wọlé, ìyàwó wa, ẹsẹ̀ rere lo gbé wá." Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ojú ẹsẹ̀ olómi ti kún ilẹ̀: tèmi, àti ti ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn.

Dàpọ̀ ní, "Àwa la tẹ omi." Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni kò wọ bàtà.

Mo rántí ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ìsàlẹ̀ ilé, mo sì sọ ọ́ fún wọn: ibi tí wọ́n ń kó òwú sí láyé àtijọ́ nìyí. Ohùn Màmá lọ sílẹ̀. "Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbin òwú yẹn. Aṣọ tí wọ́n fi í hun, òun náà ni wọ́n fi ra àwọn èèyàn wa létí òkun. Ta ló wẹ ẹsẹ̀ tiwọn?"

Dàpọ̀ figbe ta: "Màmá, lọ́la la máa kó jáde!"

Kó jáde kẹ̀? Ilé mi àkọ́kọ́! Mo bu omi tuntun, mo rọra dà á sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀ sílé."

Omi náà ò ṣàn. Ó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, níwọ̀n ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó pẹ́ kó tó gbẹ tán. Dàpọ̀ ò sọ̀rọ̀ kíkó jáde mọ́.