Ìdí Tí Mo Fi Yí Abọ́ Oúnjẹ Lójú Àgbà

Ẹ kú ilé o, Ìyá wa. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Yopougon, ní Abidjan yìí, orúnkún mi kan sìmẹ́ńtì, mo ní ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo kí Ìyá Àgbà ní yàrá ẹ̀yìn. Mo kí Àǹtí Múínà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin o, ẹ má dúró níbi tó bá ti gbóná. Mo kí Bàbá Kàmọ́rù, àgbà agboolé wa, náà, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n. A máa ń kọ ọ́ pé ara wa le dáadáa, àmọ́ ọwọ́ mi ò gbà láti kọ ọ́ lónìí.

Èmi Rísíkátù ni, ìyàwó yín. Mo pè yín lórí fóònù títí, ẹ ò gbé e, mo sì mọ̀ pé orúkọ mi ń jáde níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbòho pé kí wọ́n bá mi gbé e jáde. Gbogbo agboolé ló ti gbọ́ pé mo ń bu nǹkan sí oúnjẹ ọkọ mi. Kí gbogbo agboolé wá gbọ́ tẹnu tèmi náà. Ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò síhìn-ín fò sọ́hùn-ún. Mi ò lè fìdí lélẹ̀ mọ́. Mo kọ ìlà díẹ̀, mo dìde lọ wo èédú, mo wo ẹnu ọ̀nà, mo tún padà wá jókòó.

Ẹ mọ̀ pé oúnjẹ ni mo ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan ní Zone, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà ní Yopougon. Òjò ti ń rọ̀ ṣáá. Omi máa ń wọ abẹ́ tábìlì mi, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa jẹun lórí ìdúró, wọ́n á ká ṣòkòtò sókè. Mo ń tà, àbí kí n kúkú sọ pé ọwọ́ mi ń tà. Ọkàn mi kì í sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin ìlú wa tí a jọ ń pọnmi nídìí ẹ̀rọ nínú kúù, àgbàlá tí a jọ ń gbé, máa ń kí mi tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ. Ní báyìí, bí mo bá gbé garawa dé, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Ìlú ńlá ni Abidjan, ẹ̀rọ omi yẹn nìkan ló sì sọ mí di àlejò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Bàbá Fàtíà, ọmọ yín, ní n kò gbọdọ̀ sọ. Ó máa bínú sí mi. Kó bínú.

Ara rẹ̀ ò yá, Ìyá wa. Nínú oṣù tí ọyẹ́ mú gan-an, ojú rẹ̀ ṣú nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta páànù àti ìṣó, àwọn ará ọjà ló sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tàńsíọ̀n bí wọ́n ṣe ń pè é níbí. Ó ní kó jìnnà sí iyọ̀, sí kúbù amọ́bẹ̀dùn, sí ohun tí a fi òróró dín. Bàbá Fàtíà sì nìyẹn! Ẹ̀yin tí ẹ bí i mọ̀ pé bí kò bá ti rí ẹran nínú oúnjẹ, ó máa ń wo abọ́ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Apá tòlótòló díndín ló fẹ́ràn jù. Ó bi dókítà léèrè pé ṣé òun ò tún ní fojú kan tòlótòló mọ́ láyé ni. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa jẹ ẹ́, bí a bá ti bọ́ awọ rẹ̀ tí a sì yan án, kí a má dín in.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ó mú mi búra nínú ọkọ̀ gbaka pé ẹ̀yin ò ní gbọ́. Ó ní ohun kan náà ló mú Bàbá wa lọ, òun ò sì fẹ́ kí ẹ tún gbọ́ orúkọ àìsàn yẹn pẹ̀lú orúkọ òun. Mo búra fún un torí pé omi ń bẹ lójú rẹ̀.

Ohun tí mo ń bu sí oúnjẹ rẹ̀ rèé. Itan tòlótòló ni mo ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran inú yìnyín. Mo máa ń bọ́ awọ rẹ̀, mo máa ń gé ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ dànù, mo sì máa ń fi ọ̀bẹ là á lára. Mo ń lọ aáyù, atalẹ̀, àlùbọ́sà àti ata rodo pọ̀, mo ń já efinrin sí i, mo sì ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ọsàn yẹn ni kì í jẹ́ kí ahọ́n béèrè iyọ̀. Mo fi ń pa á lára láàárọ̀ kí n tó lọ sí Zone, ó sì máa ń wà nínú rẹ̀ títí n ó fi dé. Ìyẹn ni gbogbo oògùn tí mo ní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń gbẹ jù. Bàbá Fàtíà jẹ ẹ́ títí, ó wò mí, ó béèrè bóyá bàtà òun àtijọ́ tí a ń wá ni mo yan. Tantie Adjoua, ọmọ ilẹ̀ yìí tó ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà kúù wa, ló sọ fún mi pé ìwàdùwàdù ló ń bà mí jẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kí eérú bo èédú ná kí n tó gbé ẹran lé e, kí n sì máa bu àlùbọ́sà lílọ̀ yẹn sí i lára bí mo ṣe ń yí i. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀, omi ara ẹran náà dúró sínú rẹ̀. Mo bọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n tì í, mo sì da omi gbígbóná sórí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, mo gé tòmátì sí i. Lọ́jọ́ yẹn, ó lá ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo lọ sẹ́yìn ilé lọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló kù tó ń dà mí láàmú. Ẹ mọ àṣà àwọn ọkùnrin wa níbí. Bí wọ́n bá ti kírun tán, ilé wa ni wọ́n ń bọ̀, torí Bàbá Fàtíà ni àgbà wọn. Abọ́ ńlá kan ni gbogbo wọn ń jẹ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bu tòun sọ́tọ̀, á jẹ́ pé ó ń bínú tàbí ó ń fura. Ọkọ mi ní òun ò ní yọ ọwọ́ òun nínú abọ́ àwọn ará ìlú òun torí àìsàn. Mo wá ronú kan ọgbọ́n kan. Kálukú ló ń jẹ èyí tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n kì í na ọwọ́ sí iwájú ẹlòmíràn. Nítorí náà, mo máa ń to ẹran yíyan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò níyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ tó kọjú sí i, mo sì ń bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ àwọn yòókù sí ẹ̀gbẹ́ tó kù. Ó ń jẹ tirẹ̀, wọ́n ń jẹ tiwọn, nínú abọ́ kan náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Bàbá Kàmọ́rù wá ti ilé wá ra obì ní Anyama, lẹ́bàá Abidjan níbí, wọ́n sì dé sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó di Jímọ̀, mo gbé abọ́ kalẹ̀ bí mo ṣe máa ń gbé e, mo jáde. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn lẹ́nu ilẹ̀kùn, Bàbá Fàtíà ti dìde, ó ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbà, bó ṣe yẹ kí ọmọ tí ẹ kọ́ dáadáa ṣe. Bàbá Kàmọ́rù ló wá jókòó níwájú tòlótòló tí kò níyọ̀. Níwájú ọkọ mi, ọbẹ̀ oníyọ̀ àti òróró ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ronú rárá, mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin, mo di etí abọ́ náà mú, mo sì yí i títí ẹran yíyan fi padà kọjú sí Bàbá Fàtíà.

Bàbá Kàmọ́rù wo abọ́, wọ́n wo ọkọ mi, wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ti yó. Mi ò bá wọn jà. Bí mo bá rí ìyàwó tó yí abọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà á rò pé ó ní nǹkan tó fi síbẹ̀. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún yín nígbà tí wọ́n délé. Ẹ̀yin náà pe ọmọ yín pẹ̀lú ẹkún, ẹ ní kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́ títí á fi wálé.

Ìyá wa, ó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn, kò fẹnu kan ìkòkò mi. Ẹ̀bá títì ló ti ń jẹun, apá tòlótòló díndín àti dòdò tí òróró ń kán lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Bó bá fẹ́ dìde, ó máa ń fọwọ́ ti ògiri ná. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òótọ́ fún yín, ó ní òun ò jiyàn pẹ̀lú ìyá òun rí, pé bí òun bá délé òun á ṣàlàyé. Ìgbà wo ló máa délé? Òjò ò jẹ́ kí ọjà tà, kò sì tíì dá ọjọ́.

Mo ṣì ń yan án lójoojúmọ́. Mo ń gbé e síwájú rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń jáde. Lánàá, Fàtíà bi mí léèrè, ìdajì rẹ̀ ní Yorùbá, ìdajì ní Faransé, pé ṣé kí òun náà má jẹ ẹ́ mọ́ ni. Mo ní kó lọ ka ìwé rẹ̀.

Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ lè fi ẹjọ́ mi sílẹ̀ di ìgbà tí a bá délé, n ó kúnlẹ̀ síwájú gbogbo agboolé. Ṣùgbọ́n ẹ pè é lónìí, kí ẹ ní kó jẹun. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó jẹ́ láti ọwọ́ mi, ẹ dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ọkàn yín balẹ̀ sí níbí. N ó gbé àdògán, èédú àti tòlótòló lọ bá a nílé, n ó sọ bí a ṣe ń ṣe é fún un, n ó sì dúró sí ìta títí yóò fi sè é tán. Èmi kọ́ ni kó wò. Kó sáà jẹ ẹ́, kó wà láàyè.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ wọn, ẹ kí gbogbo àwọn tó bi yín léèrè mi, àti àwọn tí kò béèrè. Fàtíà ní kí n kí ẹ̀yin, ìyá bàbá òun. Bàbá Fàtíà ti wọlé báyìí, ó jókòó sórí àga láìbọ́ bàtà, fóònù rẹ̀ sì wà lórí itan rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Rísíkátù