Òpó Ìyeyè Yín Ti Hu Ewé

Bàbá Dára,

Géètì irin tí a gbé wá láti Fìdítì ti wó. Bí mo ṣe ní kí n ṣí i láàárọ̀ yìí kí n máa lọ síléèwé, òpó yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi bí ọkọ ìyàwó.

Ifákúnlé káfíńtà ṣáà sọ pé igi apá ló lè gbé e. Ẹ ní apá le jù. Ìyeyè tútù tó rọrùn láti gbẹ́ lẹ lọ gé. Mo sọ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ẹ má tún gbé e nàró o! Ẹ mú àáké, kí ẹ bá Ifákúnlé lọ gé apá. Àsáró wà nínú ìkòkò.

Ewúrẹ́ ti wọlé, wọ́n ń jẹ ewé tó hu lórí òpó náà. Àwọn nìkan ló tíì gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Ìyá Dára