Orí Ẹyẹ Pupa Tí Mo Bá Nínú Ráàkì Sítíárìn

Èmi, Winifred Maud Pask, tí wọ́n bí sínú ilé Ollerenshaw, opó Desmond Pask, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí mò ń gbé nínú ilé olókùúta tó kẹ́yìn sí òkè ní abúlé Ravensclough, ní àgbègbè Derbyshire, ni mo ní kí wọ́n kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ojú mi ríran. Ọkàn mi nìkan ni kì í gbọ́ràn mọ́: dókítà ní ó ń lù bó ṣe wù ú, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò mọ́. Abẹ́ mọ́tò ni mo wà nígbà tó tẹ̀ mí láago. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn pé orí mi kò pé, kó wá sọ fún mi, ta ni orí rẹ̀ dàrú tó lè tú ráàkì sítíárìn sílẹ̀, tó lè tún un ṣe, tó sì lè dá a padà láìjẹ́ pé nọ́ọ̀tù kan ṣẹ́ kù sílẹ̀? Mo ṣe é! Ẹ bá mi yọ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ṣe é.

ÌKÍNNÍ. Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí, pàápàá èyí tí mo kọ ní ọdún 1996. Nínú ìyẹn, ohun tí mo fi sílẹ̀ fún àbúrò mi kan ṣoṣo, Clifford Ollerenshaw, ni gíláàsì iná mọ́tò tó fọ́, "kí ó máa fi wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀." Ojú ń tì mí láti tún un kọ síbí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Inú burúkú ni mo fi kọ ọ́, mo sì gbádùn rẹ̀ nígbà náà.

ÌKEJÌ. Mo yan Lọ́yà Imogen Tranter láti mú ìhágún yìí ṣẹ. Lọ́yà, ẹ dákun, ẹ má bá mi tún gbólóhùn kankan ṣe. Ẹ ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ìwé ìhágún kì í ṣe lẹ́tà. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ̀yin kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán.

ÌKẸTA. Ilé mi àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohunkóhun tí kò bá ní olówó nínú ìwé yìí, di ti Rosalind Pask, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kò gbọdọ̀ ta sítóòfù onírin inú ilé ìdáná. Òun ló ń mú ilé móoru, inú rẹ̀ náà ni mo ti máa ń yan bíárìn mọ́tò kí irin rẹ̀ lè fẹ̀, kí ó tó wọlé sáyè rẹ̀. Rosalind, ọmọ dáadáa ni ọ́, àfi pé o ní o kò lè wa mọ́tò tí kì í pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀. Mo ti dárí jì ọ́.

ÌKẸRIN. Adìẹ mi mẹ́fà, àkùkọ wọn tó máa ń bínú láìnídìí, ẹ̀rọ tí mo fi ń gé irin àti gbogbo sípánà mi di ti Mervyn Heathcote, aládùúgbò mi. Nínú pápá rẹ̀ ni mo já sí ní oṣù Keje ọdún 1995, nígbà tí mo fi mọ́tò wó ògiri òkúta rẹ̀. Ó tún ògiri náà mọ fúnra rẹ̀, kò sì bèèrè kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ra bíà fún un tí kò gbọ́ bí àgùntàn rẹ̀ ṣe fọ́n ká. Mervyn, àgùntàn méjì ló sá. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Lẹ́nu rẹ, wọ́n ti di ogójì.

ÌKARÙN-ÚN. Kí n tó sọ ẹni tó máa jogún mọ́tò mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Mọ́tò eré ìje kékeré ni, aláwọ̀ ewé, kò ní òrùlé, èèyàn méjì péré ló ń gbà. Ọdún 1967 ni wọ́n ṣe é. Owó iṣẹ́ mi ni mo fi rà á, nígbà tí mò ń gé irin ní ilé iṣẹ́ kan ní Derby, kí n tó mọ Desmond. Lọ́dọọdún, ní oṣù Keje, àwa ará ibí máa ń wa mọ́tò àtijọ́ gun òkè Ravensclough lọ́kọ̀ọ̀kan, aago á sì máa ka eré ẹni. Ní 1995, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé èmi ni mo máa gba ipò kìn-ín-ní.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, sítíárìn ń mì lọ́wọ́ mi, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Clifford. Mẹkáníìkì ni Clifford, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo àgbègbè yìí. Ó tú ráàkì wò, ìyẹn irin gígùn eléyín tí sítíárìn máa ń tì sọ́tùn-ún sósì kí táyà iwájú lè yí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Win, àárín ló ti jẹ, torí ọ̀nà tààrà lèèyàn ń rìn jù. Eyín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì le koko. Tí mo bá fún un pọ̀ kí àárín má mì mọ́, ó máa há tẹ́ ẹ bá yí i dé òpin. Ẹ jẹ́ kó máa mì díẹ̀. Tí ìje bá ti parí, mo máa fi tuntun sí i." Mo ní kò burú.

Lọ́jọ́ ìje, mo dé kọ́nà kẹta, mo yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ó há. Kò lọ, kò bọ̀. Mo la ògiri já, mo bọ́ sínú pápá. Egungun èjìká mi ṣẹ́, ọrùn ọwọ́ mi ṣẹ́. Nígbà tí Clifford sáré dé ọ̀dọ̀ mi, mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ayé: "Ìwọ lo fún un pọ̀! O fẹ́ pa mí!" Ó búra pé òun ò fún un. Mo ní òpùrọ́ ni. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, kò sẹ́ni tó ń gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ ń wa bọ́ọ̀sì ní Buxton títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé, kò tíì tẹ ẹnu ọ̀nà mi.

Mervyn bá mi na iwájú mọ́tò tó wọ́, mo bò ó sínú àká, mo sì fi í sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, tí dókítà sọ tẹnu rẹ̀ tán, mo ní láéláé, n kò ní kú kí n má mọ ohun tó há. Mo fi jáàkì gbé e. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń da epo sí bóòtù tó so sítíárìn mọ́ ráàkì kí ó tó gbà, èpè tí mo sì ṣẹ́ fún un, ẹ má jẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìwé òfin. Mo ka iye ìgbà tí mo yí orí ráàkì kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti so mọ́ táyà, kó tó jáde: mẹ́rìnlá lápá òsì, mẹ́tàlá lápá ọ̀tún. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, torí ẹni tí kò bá kà á, táyà rẹ̀ máa ya bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni. Nígbà tí ráàkì bọ́ sí mi lápá, díẹ̀ ló kù kí n jó.

Mo gbé e sórí tábìlì, mo tú ìdérí kékeré tó ń tẹ eyín irin mọ́ra. Abẹ́ ìdérí yẹn ni páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń wà. Tí wọ́n bá pọ̀, sítíárìn á dẹ̀. Tí wọ́n bá kéré, á le. Mẹ́rin ni Clifford máa ń tò síbẹ̀, ti bàbà, ó sì ti fi hàn mí rí. Ẹyọ kan ni mo bá. Kì í ṣe bàbà. Agolo tí wọ́n gé róbótó ni, orí ẹyẹ pupa kan sì wà lára rẹ̀.

Yéè! Mo mọ ẹyẹ yẹn. Agolo tábà Desmond ọkọ mi ni. Agolo náà ṣì wà lórí pẹpẹ mi dòní, bọ́tìnnì ni mò ń kó sínú rẹ̀, ihò róbótó kan sì wà lórí ìdérí rẹ̀. Desmond ló sọ fún mi pé òun dá a sí i kí tábà lè rí atẹ́gùn. Mo mú páànù yẹn, mo fi dí ihò náà. Orí ẹyẹ bá ọrùn ẹyẹ mu rẹ́gí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún.

Desmond kì í ṣe ìkà. Mo mọ bó ṣe máa ṣe é: láàárọ̀ ọjọ́ ìje, ó di sítíárìn mú, ó rí i pé ó ń mì, ó yọ páànù Clifford, ó sì fi ẹyọ kan tó gé lára agolo rẹ̀ dípò, torí ó fẹ́ kí ìyàwó òun gbégbá orókè. Ìfẹ́ tó ní sí mi pọ̀ ju ọgbọ́n tó ní nípa irin lọ. Ṣùgbọ́n ìṣojú rẹ̀ ni mo ti pe àbúrò mi ní òpùrọ́, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, títí ó fi kú ní 2011. Ìyẹn ni n kò tíì lè gbé mì.

Nígbà tí mo nu ojú mi tán, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó ń dùn bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Àbúrò mi kò parọ́! Mo ra irin eléyín tuntun, mo pààrọ̀ rọ́bà méjèèjì tó bo orí rẹ̀. Mo fi ọ́ìlì sí i, kì í ṣe gíríìsì, torí gíríìsì á sá lọ sí ìkángun, á sì fi eyín sílẹ̀ ní gbígbẹ. Mo to páànù bàbà mẹ́rin bí Clifford ti máa ń ṣe, mò ń yọ, mò ń dá padà, mò ń yí i láti òpin dé òpin, títí tí kò fi mì láàárín tí kò sì há ní ẹ̀gbẹ́. Ìka méjì ni mo fi ń yí sítíárìn yẹn báyìí. Méjì péré!

ÌKẸFÀ. Lọ́jọ́ ìje àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú mi, kí mọ́tò kankan tó gbéra, kí Lọ́yà Tranter gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ó ka èyí sókè: "Clifford Ollerenshaw kò fún ráàkì náà pọ̀. Ó kìlọ̀ fún wa kí a má fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló parọ́ mọ́ ọn, ẹ̀yin náà sì gbà á gbọ́." Kí Mervyn má ṣe fi àgùntàn kankan kún un.

ÌKEJE. Mo fi mọ́tò náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò mi, Clifford Ollerenshaw. Mo ti fi páànù ẹlẹ́yẹ yẹn sínú àpòòwé, mo fi ránṣẹ́ sí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ní Sátidé, aago mẹ́wàá, nígbà tí a máa fọwọ́ sí ìwé yìí. Kò fèsì. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ̀ bóyá ó máa wá. Ikú kò bà mí lẹ́rù tó àìwá rẹ̀.

Bó bá wá, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Lọ́yà ti là á yé mi: ẹlẹ́rìí méjì ni òfin fẹ́, ẹni tó bá sì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí ti pàdánù ohun tí wọ́n há fún un nìyẹn. Philippa Brough, akọ̀wé Lọ́yà, àti Doreen Salt tó ń pín lẹ́tà ló máa fọwọ́ sí i. Clifford, mo kìlọ̀ fún ọ o, má fọwọ́ kan kálàmù.

ÌKẸJỌ. Kí ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Desmond. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbé agolo tábà oníhò yẹn lé mi lọ́wọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti bá a sọ.

ÌKẸSÀN-ÁN. (Ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ èyí, lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, kí a tó fọwọ́ sí i. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí.)

Ó wá! Aago mẹ́wàá kò tíì lù. Kò kí mi. Ó gba iwájú mi kọjá lọ tààrà sínú àká, ó fi ìka méjì mú sítíárìn, ó yí i dé òpin òsì, ó yí i dé òpin ọ̀tún, ó dá a padà sáàárín. Ó ní, "Ta ló ṣe é?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ó dáa." Láti kékeré, ẹnu Clifford kò yin ẹnikẹ́ni kọjá ibẹ̀ yẹn rí.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi, torí orókùn mi kò gbà. Ó na ọwọ́ gba ìwé yìí, ó kà á lórí ìdúró. Ó wá yíjú sí Lọ́yà, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i ò ní jogún?" Lọ́yà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Doreen, máa lọ pín lẹ́tà rẹ, ó ti tó." Ó sì mú kálàmù. Mo pariwo. Lọ́yà náà pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Win, ẹ gbé ẹnu yín jẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń retí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kì í ṣe mọ́tò. Ṣé tẹ́ ẹ bá kú tán lẹ máa wá gbé mi gun òkè? Ẹ̀yin lẹ máa wà á. Èmi máa jókòó sápá òsì, láyè èrò."

Doreen ti lọ. Kò sí ẹlẹ́rìí kejì mìíràn, torí Lọ́yà ní òun kì í jẹ́rìí sí ìwé tí òun fúnra òun máa mú ṣẹ, Clifford kò sì fi kálàmù sílẹ̀. Nítorí náà, abala keje ti di asán, mọ́tò mi sì máa bọ́ sọ́wọ́ Rosalind tí kò lè pààrọ̀ jíà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí n kò fi ní jẹ́ kí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀, òun ni pé kí n má tíì kú. Ìje bọ́ sí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje. Èmi fúnra mi ni mo máa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn lọ́wọ́ Lọ́yà. Ẹ jẹ́ ká tètè fọwọ́ sí i, torí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́.

Nínú àká mọ́tò ní Ravensclough, Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹfà ọdún 2024, mo fọwọ́ sí ìwé yìí lójú àwọn méjèèjì, àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi.

Winifred Maud Pask

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Philippa Brough. Iṣẹ́: akọ̀wé lọ́yà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Clifford Ollerenshaw. Iṣẹ́: mẹkáníìkì.